Ẹ Kọ́kọ́ Fi Bírò Ṣe É

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yanjú ìṣòro, kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ló máa ń sáré kọ. Èmi máa ń ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé ná, kí wọ́n mú ìwé àti bírò. Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìṣirò náà kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ife omi gbígbóná kan. Ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 90 ní ìwọ̀n Celsius, ti yàrá jẹ́ 30. Báwo ni yóò ṣe gbóná tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́, ti kíyè sí i pé bí nǹkan bá ṣe gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń yára tutù tó. Àwòṣe wa nìyẹn, ìyẹn òfin tí a ó fi ṣe ìṣirò ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyàtọ̀ náà ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyàtọ̀ jẹ́ 60, a yọ 6, omi di 84. Ìyàtọ̀ di 54, a yọ 5.4, omi di 78.6. Ìyàtọ̀ di 48.6, a yọ 4.86, omi di 73.74. Ohun tí à ń yọ ń dín kù, bí omi tòótọ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó wá tó àkókò láti gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́rin tó o nínú Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù; lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, 50.9 ló máa fún yín.

Ẹ má tíì gbà á gbọ́ o. Ẹ fi ìdajì ìṣẹ́jú ṣe ìṣísẹ̀, kí ẹ máa yọ ìdajì ìdá tí ẹ ń yọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú ogún ìyàtọ̀: 51.5 ló máa jáde. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú ṣe é, yóò di 51.96. Ìdáhùn gidi tí àwòṣe yìí ní, bí ìṣísẹ̀ bá ń kéré sí i títí, jẹ́ nǹkan bí 52.07. Nínú ìṣísẹ̀ gígùn, à ń ṣírò bí ẹni pé eré tí omi fi bẹ̀rẹ̀ ló fi parí, bẹ́ẹ̀ ó ti ń rọra. Ẹ wá fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ìṣísẹ̀ kan: ẹ ó yọ 120 (6 lọ́nà ogún) kúrò nínú 90, omi yóò di yìnyín nínú yàrá tó móoru! Kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ ẹ́ jáde láìkọminú. Ojú yín ló gbọ́dọ̀ rí i.

Ẹ máa kọ ẹyọ ìwọ̀n sí ara gbogbo nọ́ńbà pẹ̀lú. Ní 1999, NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàdánù Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà kan ń lo ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì sì ń retí mẹ́tíríìkì (irú ìwọ̀n bíi mítà àti kìlógíráàmù).

Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí mo lò lókè, mo kàn mú un ni. Ẹ ki tẹmómítà bọ inú omi tiyín, ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ìdá tó bá a mu. Lẹ́yìn náà, ẹ dé ife náà, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìdá yẹn yóò dín kù.