Kí Wọ́n Tó To Òkúta Sílẹ̀: Bí Ètò Àtúnṣe Ojúde Ìlú Ṣe Ń Lọ

Ní ìdájí, ohùn ìgbálẹ̀ nìkan ló ń dún ní ojúde ààfin Ẹmíà Ìlọrin. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, Ọjà-Ọba ti kún: oníṣu, aláṣọ, oníwàrà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ọmọlanke. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹní ìrun á gba ilẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹṣin á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ilẹ̀ kan náà ni. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojúde tí òun bá lọ́jọ́ tí òun wá wò ó kọ́ ni gbogbo ojúde náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwòrán kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé jáde fún aráàlú.

Ta ló ni ilẹ̀? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, gọ́tà àti gbàgede sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti Ọjà-Ọba ni Ìlọrin West. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Àṣà wá fi ojúde sọ́wọ́ ààfin, torí kò sí ojúde ọba tí kò ní ọba. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tó kan oníkálukú, ọjọ́ tí gọ́tà bá dí ni yóò hàn pé kò sẹ́ni tó ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, kíkà ló kàn, òun gan-an sì ni egungun ẹ̀yìn gbogbo ètò náà. Àwọn ọ̀dọ́ á dúró sí ẹnu títì kọ̀ọ̀kan tó wọ ojúde, àti èyí tó ti àdúgbò Pàkàtà wá àti àwọn yòókù, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n á máa fa igi kan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kan fún ọ̀kadà, kan fún kẹ̀kẹ́, kan fún ọkọ̀ akẹ́rù, kan fún ọmọlanke, wọ́n á sì máa ro ó pọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ kan kò tó. Wọ́n á kà lọ́jọ́ lásán, wọ́n á kà ní Jímọ̀, wọ́n á kà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì tún kà ní àárọ̀ tí òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú. Iye tó bá jáde ló ń sọ bí títì ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, àti ibi tí kò yẹ kí ọkọ̀ dé rárá. Bó bá hàn pé ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń fẹsẹ̀ rìn, kò sí ìdí tí ìdajì ilẹ̀ yóò fi di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ìwé ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó jókòó. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà, wọ́n á wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ń tajà níbẹ̀ gan-an, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì lè má jẹ́ ẹni tó ń fara da oòrùn. Wọ́n á bi í pé: Ìyá, níbo lẹ ń kó ẹrù sí tílẹ̀ bá ṣú? Ta ní ń gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín? Níbo lẹ ti ń tọ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í rọrùn láti bi àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bi í yóò ya ojúde tó rẹwà tí kò ní ilé ìtọ̀, àwọn ìyá á sì máa fi òùngbẹ jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí kò síbi tí wọ́n máa yà sí.

Wọ́n tún máa ń ya òjìji: ibi tí òjìji igi àti ti ògiri bá dé ní aago mẹ́wàá, ní aago kan, ní aago mẹ́rin. Ibi tí òjìji bá wà lèrò máa ń wọ́ sí. Bí wọ́n bá gé igi dóńgóyárò kan kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, ọdún púpọ̀ ni yóò gbà kí èyí tí wọ́n gbìn dípò rẹ̀ tó lè ṣíji bo ẹnikẹ́ni.

Nǹkan àtijọ́ ńkọ́? Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, lè kéde ibì kan ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irú ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Díẹ̀ ni wọ́n ti kéde. Ògiri alámọ̀, kànga, orí ibojì, ìdí òpó tí wọ́n ti ń so ẹṣin, òfin lè má rí wọn rárá, àfi kí àwọn tó ń ṣètò kọ wọ́n sílẹ̀ fúnra wọn. Ní Ìlọrin, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, tí ìtàn ní òun ló fún ìlú lórúkọ, agbo ilé kan ní Ìdí-Àpẹ́ ló wà. Àlejò lè kọjá lára rẹ̀ bí òkúta lásán. Nítorí náà ni wọ́n fi ń bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n bá wọn rìn yí ojúde po kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Kì í ṣe pé kí ohunkóhun má yí padà: mọ́ṣáláṣí ńlá tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981, wọ́n ti tún un ṣe ní 2012. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yí padà.

Omi ló máa ń tú àṣírí iṣẹ́ tí kò dára. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá lòjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, ó sì ń tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà lọ́dún. Páànù gbogbo ilé tó yí ojúde ká ló ń da tiwọn sí i. Ilẹ̀ tí wọ́n bá tẹ́ gbọ́dọ̀ máa rọra fà sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lórí mítà kan. Ojú lè má rí i, omi á rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ̀ lé gọ́tà náà títí dé ibi tó ń dà sí lápá odò Asa, torí gọ́tà tuntun tó bá lọ dà sínú ti àtijọ́ tó ti dí, ilé ẹlòmíì ni yóò kún. Páìpù omi àti wáyà iná gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí òkúta tó bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tún fi díígà hú u.

Ní ti òkúta fúnra rẹ̀, ìntálọ́ọ̀kì tó nípọn ní 60 mìlímítà lè gbé ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà fẹ́ 80. Ṣùgbọ́n táìlì tó ń dán, pàtákò ẹṣin kì í dúró lórí rẹ̀. Ojúde tí ẹṣin ń sáré ní Iléyá nílò ibi tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀, tàbí ilẹ̀ pupa tí wọ́n kì dáadáa.

Ìgbà yìí ni àwòrán tó wọlé, ibi tó sì dára jù láti yà á ni orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi okùn àti ẹfun fa ìlà ìsọ̀, ọ̀nà àti gọ́tà bí wọ́n ṣe máa tóbi gan-an, wọ́n á sì pe ìpàdé síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ẹni tí kò lè ka àwòrán lórí bébà lè dúró sínú ìlà ẹfun kó ní, “Agbọ̀n mi kò gba ibí.” Ará àdúgbò Gàmbàrí, Fúlàní, Àlànàmú àti Àjíkòbí ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn Magaji, ìyẹn àwọn olórí agbo ilé, àti ìyálọ́jà. Ó sì dára kí àwọn obìnrin ní ìjókòó tiwọn, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà sọnù sábẹ́ ohùn àwọn ọkùnrin.

Lórí owó, ibì kan wà tó máa ń dunni. Òfin 1978 ní kí wọ́n sanwó ilé, ohun ọ̀gbìn àti iṣẹ́ tí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ti ṣe sórí rẹ̀. Ẹni tó ń tajà lábẹ́ agbòòrùn kò sí nínú wọn. Bí wọn kò bá fi ibi ìpàtẹ onígbà díẹ̀ àti owó ìkẹ́rù sínú ìṣirò iṣẹ́ kí wọ́n tó pe kọ̀ntírátọ̀, àwọn tó ń sọ ojúde di ojúde ni yóò kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀. Ọ̀nà tó sàn ni kí wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́rin, kí wọ́n máa ṣe é ní ìdá kan ìdá kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹni tó ń ṣe kàlẹ́ńdà iṣẹ́ sì wo òṣùpá: bí ọjọ́ mọ́kànlá ni Ààwẹ̀ àti Iléyá fi ń yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ lọ́dọọdún.

Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú fáìlì ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Ta ni yóò máa gbá a? Ta ni yóò kó pàǹtí inú gọ́tà kí òjò oṣù kẹrin tó dé? Owó ta ni yóò ra gílóòbù tó bá jó? Lọ́wọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ máa wà ní ìdájí, nígbà tí oníwàrà àkọ́kọ́ bá sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀?