Afẹ́fẹ́ Ló Ń Parí Àwòrán Ààrẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ààrẹ Amẹ́ríkà ló máa ń jókòó sórí àga níwájú ayàwòrán tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání, tí kò sì ní dìde títí iṣẹ́ á fi parí. Èrò yìí ń bu iṣẹ́ náà kù.

Ẹ wo àwòrán Barack Obama tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní White House lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. (Èyí tí Kehinde Wiley yà, tí Obama jókòó sáàárín ewé àti òdòdó, ọ̀tọ̀ nìyẹn. National Portrait Gallery, ilé àkójọ àwòrán ní Washington, ló ni ín, ọdún 2018 ló sì jáde.) Robert McCurdy ló ya ti White House. Ó kọ́kọ́ ya fọ́tò Obama, ó ṣa ẹyọ kan nínú wọn, ó sì gbé e wọ yàrá iṣẹ́. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń gbà á tó ọdún kan.

Kí ló ń jẹ ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń yà á kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Kò sí omi lára rẹ̀ tí yóò fò lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú òróró náà, tó ń sọ ọ́ di líle díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró l'Ábẹ́òkúta tàbí Òṣogbo mọ irú nǹkan yìí. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, ó máa ń rí bí ewé tútù. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó di aró. Aláró á rẹ ẹ́, á gbé e jáde, á dúró, á tún rẹ ẹ́. Iye ìgbà tó bá rẹ ẹ́ ló máa sọ bóyá aṣọ á rí bí ojú ọ̀run tàbí á dúdú mìnìjọ̀. Kò sí bó ṣe lè kánjú tó, afẹ́fẹ́ ò ní bá a kánjú.

Bí awọ ara èèyàn ṣe ń jáde lójú àwòrán náà nìyẹn. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gorí ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wọ ti òkè kọjá, á kan ti ìsàlẹ̀, á padà wá bá ojú ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò fi rí bí ògiri tí wọ́n kùn. Òróró inú ti òkè sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ti òkè bá lọ ṣáájú gbẹ, àwòrán á sán. Ọgbọ́n gidi ni, àga ààrẹ ò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ààrẹ Lyndon Johnson jókòó fún ayàwòrán Peter Hurd, oorun sì gbé ààrẹ lọ. Nígbà tó rí àwòrán náà, ó ní òun ò rí ohun tó burẹ́wà tó o rí, kò gbà á. Àwọn kan á ní àìjókòó ló fà á. Ṣùgbọ́n Ààrẹ John Kennedy ti kú kí ayàwòrán Aaron Shikler tó ya tirẹ̀, Jacqueline aya rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Nínú àwòrán náà, Kennedy ká apá mọ́ àyà, ó dorí kodò, ẹyinjú rẹ̀ ò tilẹ̀ hàn. White House ni àwòrán náà wà láti ọdún 1971.