Kí ẹ tó ra iyùn, ẹ wo ojú ihò rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ìyàwó kan kó okùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta wá bá mi pé kí n bá òun tún wọn sín. Ó ní iyùn gidi ni, pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aṣọ òfì tí gbogbo ẹbí máa wọ̀. Mo gé okùn, mo da wọ́n sínú àwo funfun, mo mú wóró kan, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú ihò rẹ̀. Etí ihò náà pọ́n ju ara ìlẹ̀kẹ̀ lọ, bí ìgbà tí aró bá rọ́ jọ sójú kan. Inú ihò gan-an funfun. Mo rẹ òwú sínú omi tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, mo fi nu wóró náà lẹ́ẹ̀mejì. Òwú pọ́n. Màmá wo òwú, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ike ni wọ́n tà fún mi ni?"

Rárá, kì í ṣe ike. Inú òkun ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí Màmá sanwó fún. Orúkọ kan ṣoṣo, iyùn, ni wọ́n fi ń ta nǹkan bíi márùn-ún mẹ́fà lọ́jà, owó wọn kò sì gbọdọ̀ dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta ni iyùn. Àwọn mìíràn ní igi ni, nítorí pé ó yẹ̀ka. Ẹ̀dá abẹ̀mí ló ń kọ́ ọ. Wọ́n kéré gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kan àti ọwọ́ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ, wọ́n sì ń gbé pọ̀ lára àpáta nísàlẹ̀ òkun níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Èròjà tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń fi mọ egungun pupa kan tí gbogbo wọn jọ fara tì. Egungun yẹn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń dán, tí àwa fi ń ṣọ̀ṣọ́.

Kì í yára dàgbà rárá. Bó ṣe ń sanra sí i kì í tó mìlímítà kan lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí wóró ńlá fi wọ́n. Èyí tó tó àtàǹpàkò àgbàlagbà lè ti wà lábẹ́ omi kí ẹni tó ń rà á tó dáyé. Nínú Òkun Mẹditaréníà, níbi tí iyùn pupa tó lókìkí jù ti ń wá, òmùwẹ̀ ló ń fọwọ́ gé e. Òfin ni pé wọn kò gbọdọ̀ gé e níbi tí omi kò bá tó mítà 50 ní jíjìn, ìdí ẹ̀ka náà sì gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 7. Torre del Greco, ìlú kan nítòsí Naples ní Ítálì, ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ gbígbẹ́ rẹ̀ jù. Japan náà ní tiwọn, èyí tó máa ń ní funfun láàárín.

Àwọn Potogí ń kó iyùn wá sí Bìní ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn Ẹ̀dó fúnra wọn ń pìtàn pé ọwọ́ Olókun ni Ọba Ewuare ti gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́lá ló ti òkèèrè wá. Gíláàsì ni sẹ̀gi, wọ́n sì ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin máa ń gbẹ́ láyé àtijọ́ ni lántànà. Tí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ayédèrú iyùn kí ẹ sì gbé e jù sọ́wọ́ ọmọdé. Ọrọ̀ ni.

Kí ni èyí tí Màmá rà? Ó ní ẹ̀dá òkun kan tí egungun rẹ̀ ní oríkèé bí ọparun. Funfun ni, wọ́n á wá rẹ ẹ́ láró pupa. Òun ló pọ̀ jù lórí àtẹ báyìí, ó sì dára tí wọ́n bá tà á ní iye tó tọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ní ihò wínníwínní tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí, èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù mọ padà, gíláàsì, àti ike.

Ike ló rọrùn jù láti mọ̀. Ẹ fi kan ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ yín: iyùn tutù, gíláàsì tutù, ike kì í tutù bẹ́ẹ̀, kíá ló sì ń gba ooru ara. Ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gíláàsì a máa ní èéhó afẹ́fẹ́ róbótó nínú. Iyùn gidi ní ìlà fínnífínní tó gba òró rẹ̀ lọ, tí ẹ kò ní tètè rí láìsí awò, ó sì lè ní àbùkù kékeré níbì kan. Tí ogójì wóró bá dọ́gba délẹ̀, tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá, tí owó wọn sì rọrùn, ẹ fura.

Àwọn àgbà a máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó máa hó lóòótọ́ tó bá jẹ́ iyùn, àmọ́ èyí tí wọ́n rẹ láró náà máa hó, ìkarahun náà máa hó. Kò yanjú ọ̀rọ̀ Màmá, ó sì ń ba dídán ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń fi iná ṣáná sun iyùn láti fi dán an wò, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ihò àti òwú ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí òwú kò bá sì pọ́n, ẹ má tíì yọ̀, nítorí wọ́n máa ń fi nǹkan dídán bo aró mọ́lẹ̀. Tí owó náà bá pọ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń yẹ òkúta iyebíye wò kí ẹ tó san án.

Àwọn ìyàwó ìwòyí tún ń fi péálì há àárín iyùn. Ẹ̀dá abẹ̀mí ló ń ṣe òun náà: nǹkan kan á dí ẹran inú ìkarahun lọ́wọ́, á sì máa fi oje ara rẹ̀ bò ó, ìpele lórí ìpele. Láti ọdún 1893 tí Kokichi Mikimoto ti rí i ṣe ní Japan ni wọ́n ti ń sin wọ́n bí ẹni ń sin ẹja. Péálì inú omi odò láti Ṣáínà ló pọ̀ jù lónìí, owó rẹ̀ sì rọrùn ju ti òkun lọ. Ẹ fi wóró méjì ra ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojúlówó máa ń ha díẹ̀ bí iyanrìn kíkúnná. Ike máa ń yọ̀.

Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo, ẹ háyà ìlẹ̀kẹ̀, tàbí kí ẹ ra gíláàsì tó rẹwà ní owó gíláàsì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí ọmọ máa jogún, ẹ ra gidi, ì báà jẹ́ wóró márùn-ún lọ́dún. Kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé iyùn òkun ni, wọn kò rẹ ẹ́ láró. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ti dá yín lóhùn.

Lọ́fínńdà, òógùn àti ọṣẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fín lọ́fínńdà tán pátápátá kí ẹ tó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún tí ẹ bá dé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú aṣọ, ẹ má fi kọ́ sára ìṣó. Nígbà tí okùn bá sì ń rọ̀, ẹ ka wóró rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó máa tún un sín, kódà bó jẹ́ èmi, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì jọ kà á lójú ara wa.