Mọ́ọ̀dù ṣíṣe fún iṣẹ́ amọ̀

Mọ́ọ̀dù nínú iṣẹ́ amọ̀ ni ohun tí wọ́n ń tẹ amọ̀ mọ́, tàbí tí wọ́n ń da omi amọ̀ sí, kí ife, àwo tàbí ère tó bára mu lè máa jáde lọ́pọ̀ ìgbà. POP, ẹbí èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń ṣe ojú àjà ilé, ló wọ́pọ̀ jù fún un lóde òní. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń rò pé pípo POP ni gbogbo rẹ̀. Ká sòótọ́, mímọ ibi tó yẹ kí mọ́ọ̀dù ti là ló ṣòro jù.

Mọ́ọ̀dù ti wà tipẹ́tipẹ́ kí POP tó gbòde. Àwọn Moche tó gbé etíkun àríwá Peru láàárín nǹkan bí ọdún 100 sí 800 lẹ́yìn ìbí Kristi fi mọ́ọ̀dù amọ̀ sísun alápá méjì ṣe ìkòkò olójú ènìyàn, ojú ọ̀hún sì dá yàtọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn gbà pé èèyàn kan pàtó ni wọ́n yà. Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin amọ̀kòkò kì í wá mọ́ọ̀dù lọ síbì kankan: ìkòkò ògbólógbòó ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n á ku eérú tàbí lẹ́búlẹ́bú amọ̀ gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ kí amọ̀ tútù má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé e, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi bò ó yíká. Bó bá ti gan díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Ìdí ìkòkò tuntun nìyẹn. Amọ̀ ni wọ́n á máa fi kún un láti ibẹ̀ dé ọrùn. Ní Staffordshire, agbègbè àwọn amọ̀kòkò ní England, láàárín ọdún 1740 sí 1750 ni POP bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò mọ́ọ̀dù amọ̀ sísun.

Òkúta jípúsọ̀mù ni POP ti wá. Bí wọ́n bá yan án dé nǹkan bí 150°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi inú rẹ̀ á gbẹ dànù. Tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá tún kan omi, á gba èyí tó sọnù padà, á gbóná, á sì le. Inú POP tó ti le kún fún ihò tíntìntín tó ń fa omi mu. Ihò wọ̀nyí gan-an ni amọ̀kòkò ń wá: mọ́ọ̀dù á mu omi inú omi amọ̀, amọ̀ á wá ki mọ́ ara rẹ̀.

Orí àwòṣe, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da POP bò kí mọ́ọ̀dù lè gba ìrísí rẹ̀, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ àti bí wọ́n bá sun ún, nítorí náà àwòṣe gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ, ìdá 10 sí 12 nínú 100 fún ọ̀pọ̀ amọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á yí àwòṣe wò, á wá ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀, á sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká. Ojú ìlà yìí ni apá mọ́ọ̀dù yóò ti pàdé. Bí ìlà bá yẹ̀, POP á gbá àwòṣe mú, àfi kí wọ́n fọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwo pẹrẹsẹ lè jáde nínú mọ́ọ̀dù alápá kan. Ife tó ní ọwọ́ ń fẹ́ méjì, tàbí mẹ́ta bí ìdí rẹ̀ bá wọnú. Ti ère tó ká apá mọ́ra ni ká má tíì sọ.

Wọ́n á fi amọ̀ rírọ̀ sin àwòṣe dé ojú ìlà, wọ́n á fi pákó mọ ògiri yí i ká, wọ́n á sì dí gbogbo igun kó má baà jò. Omi ló ń ṣáájú nínú ike, ìwọ̀n 70 rẹ̀ sí 100 POP. Wọ́n á máa ku POP sójú omi, wọ́n á jẹ́ kó rin fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí wọ́n tó rò ó jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá wọ̀ ọ́ ló ń di ihò lójú mọ́ọ̀dù. Bó bá ki bí ẹ̀kọ mímu, tí ìlà tí wọ́n fà lójú rẹ̀ kò tètè pa rẹ́, ó tó dà. Igun kan ni wọ́n ń dà á sí, kó lè gòkè fúnra rẹ̀ bo àwòṣe.

Bí apá kìíní bá ti le, wọ́n á dojú rẹ̀ sókè, wọ́n á yọ amọ̀ tí wọ́n fi sin àwòṣe, wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké sójú rẹ̀, wọ́n á sì fi ọṣẹ pa á dáadáa kí wọ́n tó da apá kejì. POP tó wọnú kòtò ni kì í jẹ́ kí apá méjèèjì yẹ̀ lórí ara wọn. Ẹni tó bá gbàgbé ọṣẹ níbí ti sọ mọ́ọ̀dù di òkúta kan ṣoṣo.

POP tó ń le lè gbóná ju 60°C lọ, ó sì ti bó ọwọ́ àwọn tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Wọn kì í da ìyókù rẹ̀ sí ojú ọ̀fun omi ìdọ̀tí, nítorí pé á le síbẹ̀. Wọn kì í sì jẹ́ kí ègé rẹ̀ bọ́ sínú amọ̀: lẹ́yìn sísun, ègé yìí á fa ọ̀rinrin, á wú, á sì ta ojú ìkòkò dànù.

Mọ́ọ̀dù tútù kò lè mu omi, nítorí náà wọ́n á gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ooru tó bá ju 50°C lọ dáadáa máa ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Omi amọ̀ tí wọ́n ń dà sí i kì í ṣe amọ̀ àti omi lásán; kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ sódíọ̀mù sílíkéètì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń mú un ṣàn láìjẹ́ pé omi pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, ara ife á ti ki tó, wọ́n á sì da ìyókù padà sínú ike.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni omi àti sílíkéètì ń jẹ mọ́ọ̀dù, ọnà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kì í fi mọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi pa mọ́, wọ́n á fi í ṣe òmíràn tó dúró bí ìyá, inú ìyá yìí ni wọ́n á sì ti máa da mọ́ọ̀dù ìlò tuntun nígbàkigbà tí ti àtijọ́ bá gbó.