Ẹyin Ìjàpá Kì Í Ṣe Ẹyin Adìẹ: Ewu Tó Wà Nínú Fífi Í Ránṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kí òròmọdìẹ jáde látinú ẹyin nílé rẹ̀ lè ra ẹyin adìẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ míì, kí wọ́n dì í sínú páálí, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹyin bẹ́ẹ̀ kì í pa ọmọ, àmọ́ àwọn kan á pa, inú ẹni tó rà á á sì dùn. Ibẹ̀ ni àwọn kan tó fẹ́ràn ìjàpá ti ń bi ara wọn pé kí ló dé tí àwọn náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin á dínwó ju ọmọ lọ, ínkubétọ̀ kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ẹyin gbóná títí ọmọ á fi jáde, ò wọ́n, àwọn ọmọ ilé á sì fojú ara wọn rí bí ẹyin ṣe ń di ẹranko. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹyin méjèèjì jọra lóde nìkan ni.

Ẹ fọ́ ẹyin adìẹ sínú abọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa rẹ̀, ẹ ó rí fọ́nrán funfun méjì tó lọ́ pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ló ń di pupa ẹyin mú sí àárín kó má bàa lọ lẹ̀ mọ́ èèpo. Bí ẹyin bá yí, pupa náà á yí padà, kí apá tí ọlẹ̀ wà, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ, lè máa wà lókè. Adìẹ tó ń sàba máa ń fi ẹnu àti ẹsẹ̀ yí ẹyin rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ínkubétọ̀ adìẹ náà ní ohun tó ń bá a yí i, torí bí wọn ò bá yí i, ọlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ara èèpo, kó sì kú síbẹ̀.

Ẹyin ìjàpá kò ní fọ́nrán méjì yẹn. Ìyá rẹ̀ á gbẹ́ ihò, á tọ̀ sí i kí ilẹ̀ lè rọ̀, á yé ẹyin síbẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa erùpẹ̀ bò ó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní padà wá yí ohunkóhun. Ẹyin sulcata, ìjàpá ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn jù, lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó sì ṣe bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni yóò ṣe wà títí ọmọ á fi jáde. Yíyí tó ń dá ẹ̀mí ọmọ adìẹ sí, òun gan-an ló ń pa ti ìjàpá.

Báwo ló ṣe ń pa á? Kí ìyá tó yé ẹyin, ọlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé ibì kan, á dúró. Ọ́síjìn kò pọ̀ nínú omi tó yí ẹyin ká nínú ara ìyá, àìtó yìí ló sì ń dá a dúró. Ìyá lè gbé ẹyin náà kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa wá ilẹ̀ tó bá a lára mu, ọlẹ̀ ò ní kúrò lójú kan. Gbàrà tí ẹyin bá bọ́ síta, atẹ́gùn á gba àwọn ihò wínníwínní ara èèpo wọlé, ìdàgbà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọlẹ̀ á léfòó sókè orí pupa ẹyin, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó á sì lẹ̀ mọ́ inú èèpo níbẹ̀. Ibi tó lẹ̀ mọ́ yẹn ni yóò ti máa mí. Lára ọ̀pọ̀ ẹyin, ẹ lè rí i láti òde: àmì funfun báláú á yọ lókè èèpo, á sì máa gbòòrò lójoojúmọ́.

Bí ẹnì kan bá wá dojú ẹyin náà dé lẹ́yìn èyí, pupa tó wúwo á yí lọ, awọ yẹn á ya, tàbí kí ọlẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ kí ẹrù pupa sì tẹ̀ ẹ́ pa. Èèpo ò ní sán, kò sì ní sí òórùn kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ni ẹyin á máa wọ́n omi, á máa wo ìwọ̀n ooru láàárọ̀ lálẹ́, fún oṣù méjì, kó tó mọ̀ pé òkú lòun ń tọ́jú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní movement-induced mortality nìyí, ikú tí gbígbé ẹyin yípo ń fà.

Ìgbà méjì péré ni ẹyin lè fara da ìrìn àjò díẹ̀. Èkíní ni wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá yé e, kí awọ tó lẹ̀. Fún ìjàpá inú òkun, tí wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣọ́ etíkun sábà máa ń fún ara wọn. Èkejì ni ìgbà tí ọmọ ti dàgbà gan-an nínú ẹyin. Ní báyìí, ẹ ronú sí ẹni tó ń tajà. Ìjàpá rẹ̀ yé ẹyin nírọ̀lẹ́, ó rí ibi tí ilẹ̀ ti rú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbẹ́ ẹ, ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí ayélujára, ẹni tó fẹ́ rà á sanwó lọ́jọ́ kẹta, páálí gbéra lọ́jọ́ kẹrin, ó sì dé lọ́jọ́ kẹfà. Àsìkò tó burú jù gan-an ni wọ́n fi gbé e jáde. Ó lè kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kí wọ́n má dojú rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó ń da ẹrù sínú ọkọ̀ kò mọ̀wé kà.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń sọ pé tiwọn pa. Ẹyin àwọn irú kan, bíi leopard tortoise ti ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, lè tún sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá yé e, ìyẹn á sì fún un láyè díẹ̀ sí i. Àwọn míì kàn rí oríire ni.

N kò sì sọ pé kò ṣeé ṣe rárá. Ní 2010, nígbà tí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun, bú gbàmù, tí epo rọ̀bì ń tú dà sínú Gulf of Mexico, ẹ̀rù ba ìjọba Amẹ́ríkà pé inú epo tààrà ni àwọn ọmọ ìjàpá òkun tó bá jáde látinú ẹyin ní etíkun Alabama àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Florida máa wọ́ lọ. Wọ́n kó ẹyin tó lé ní 25,000 lọ sí Kennedy Space Center, ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ní apá kejì Florida, wọ́n sì tú ọmọ tó súnmọ́ 15,000 sínú òkun Àtìláńtíìkì. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ wò. Wọ́n jẹ́ kí ẹyin lo nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n tò ó sínú kúlà fómù pẹ̀lú iyanrìn tútù, wọn ò sì yí ojú rẹ̀ padà. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù FedEx wá fi ọkọ̀ tí kì í gbọ̀n jìgìjìgì, tí wọ́n ń ṣàkóso ooru inú rẹ̀, gbé e. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, ọmọ tó jáde láyé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Kí wá ni ká retí lára páálí tí ẹnì kan fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dì nínú gáréèjì?

Ooru tún wà ńbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn ní Texas lóṣù keje lè gbóná ju 50°C lọ, ẹyin ìjàpá tó bá sì pẹ́ lókè 35°C, ó ṣòro kó yè. Èyí tó bá yè lè jáde pẹ̀lú ìpẹ́ ẹ̀yìn tó pín sí méjì, tó lé tàbí tó dín. Ooru ló sì ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ló máa jáde. Ní 1966, Madeleine Charnier, onímọ̀ ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar, ló kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, lára ẹyin alángbá Agama agama, alángbá wa tó ń mi orí lára ògiri yìí gan-an. Inú mi máa ń dùn sí i pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tó di 1971, onímọ̀ ẹranko míì, Claude Pieau, rí i lára ìjàpá Testudo graeca: ibi tó tutù díẹ̀ ń mú akọ jáde, ibi tó gbóná ń mú abo. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ẹyin tó ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbòmíì kò lè mọ ohun tó máa jáde, olùtajà tó bá sì ṣèlérí abo fún un lọ́jọ́ tí wọ́n yé e ń tà á ní ẹnu lásán.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú dúró títí ẹyin á fi gbó, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ọmọ tó ti tóbi nínú ẹyin ń lo ọ́síjìn púpọ̀. Bí wọ́n bá dì í pa mọ́ inú ọ̀rá, á há a léèémí, bí wọ́n bá sì gbọ̀n ọ́n jù, ó lè já èèpo lójú ọ̀nà nígbà tí pupa ṣì so mọ́ ikùn rẹ̀.

Ká wá fi gbogbo èyí sílẹ̀, òfin ṣì wà. Láti 1975 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ẹyin ìjàpá tí ọmọ lè jáde nínú rẹ̀, tàbí ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò tíì tó íǹṣì mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹran ọ̀sìn. Ti inú omi àti ti orí ilẹ̀ ló kàn. Kòkòrò Salmonella ló fa òfin náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fojú bù ú pé àwọn ìjàpá kéékèèké ń kó o ran nǹkan bí 280,000 èèyàn lọ́dọọdún, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé tó ń ki ẹranko bọ ẹnu. Ìfilọ̀ ẹyin ṣì ń jáde lórí ayélujára, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Tó bá sì jẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, gbogbo ìdílé ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣàkóso títa ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Ẹyin náà sì kà, kì í ṣe ẹranko nìkan. Ẹni tó fi ẹyin pamọ́ sáàárín aṣọ nínú báàgì láìní ìwé àṣẹ ti rú òfin bí ẹni tó gbé ìjàpá gidi.

Ẹni tí ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ìjàpá tirẹ̀ yé e ní àgbàlá ni ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún jù. Kí ẹ tó gbé e kúrò nínú ihò, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè rẹ̀, kì í ṣe bírò. Ẹ gbé e láìyí i, ẹ fi àmì náà sókè nínú vermiculite (òkúta fúyẹ́fúyẹ́ wínníwínní tó ń fa omi mọ́ra) tó tutù díẹ̀, kí ooru rẹ̀ sì wà láàárín 28°C sí 31°C bó bá jẹ́ ti sulcata. Èyí tó bá dé láti ibòmíì láìní àmì, ẹ fi í lélẹ̀ bó ṣe wà nínú páálí, kí ẹ má sì wá ojú tó tọ́ kiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó wà: bí ọmọ bá wà láàyè, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa wínníwínní. Èyí tó bá ń rùn tàbí tó ń ṣomi, ẹ yọ ọ́ kúrò kó tó bẹ́ sára àwọn yòókù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kọjá sí ilé ìdáná.