Bí Áńpù Kíbọ́ọ̀dù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Agbára Wa Ká

Ìlù ní awọ, fèrè ní èémí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ń lu igbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ń jáde láti ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù kò ju iná mànàmáná tí kò tó nǹkan lọ. Etí kò lè gbọ́ ọ bí kò bá kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ tí yóò fún un lágbára, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà tí yóò sọ ọ́ di ìró nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ni áńpù. Sípíkà kéékèèké tí ó wà lára àwọn kíbọ́ọ̀dù kan wúlò fún ìdánrawò nínú yàrá, àmọ́ bí onílù bá ti jókòó sídìí ìlù rẹ̀, wọn kò já mọ́ nǹkan mọ́. Nítorí náà, bí áńpù bá ṣe ṣe sí ìró tí a gbé fún un ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin yóò ṣe gbọ́ ọ, ẹni tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà jù lọ.

Ìró kíbọ́ọ̀dù gbòòrò gan-an. Dùrù tí ó ní kíì 88 bẹ̀rẹ̀ láti 27.5 Hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì parí sí nǹkan bíi 4,186 Hertz lókè, láìtíì ka àwọn ìró tín-ín-rín tí ń bá ohùn kọ̀ọ̀kan rìn, èyí tí etí fi ń mọ̀ pé dùrù ni ń dún, kì í ṣe fèrè. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá kì í lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bíi 82 Hertz, sípíkà inú áńpù gìtá kì í sì í gbé ohun púpọ̀ jáde mọ́ bí ìró bá ti kọjá nǹkan bíi 5,000 Hertz. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí onígìtá fẹ́ kí áńpù fi ohùn tirẹ̀ kún ti okùn. Kíbọ́ọ̀dù kò fẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí dùrù jáde bíi dùrù, kí kàkàkí jáde bíi kàkàkí, láìsí àfikún láìsí àyọkúrò. Ìdí nìyí tí kíbọ́ọ̀dù tí a so mọ́ áńpù gìtá fi máa ń dún bí ẹni tí a fi aṣọ bò lẹ́nu. Áńpù béèsì sàn díẹ̀, nítorí ó lè gbé ìró ìsàlẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sípíkà kékeré tí ń gbé ìró òkè jáde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní tweeter. Nínú áńpù kíbọ́ọ̀dù gidi, méjèèjì wà: sípíkà ńlá fún ìsàlẹ̀ àti àárín, tweeter fún òkè, àti ẹ̀yà kan láàárín wọn tí ń pín ìró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ tí ó wúwo jù fún àpótí náà ni ọwọ́ òsì. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ olórin òde àríyá ní ilẹ̀ Yorùbá, bí kò bá sí oníbéèsì, oníkíbọ́ọ̀dù ni yóò fi ọwọ́ òsì ta béèsì, tí yóò sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbé orin. Okùn ìsàlẹ̀ gìtá béèsì wà ní nǹkan bíi 41 Hertz, kí sípíkà tó lè gbé irú ìró bẹ́ẹ̀ jáde kí ó sì kún, ó gbọ́dọ̀ lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Sípíkà oní-ínṣì 8, bí a bá wọn fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, kò lè ṣe é. Bí a bá fi agbára mú un, yóò máa gbọ̀n ni. Ínṣì 10 tó fún ẹni tí oníbéèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ínṣì 12 ni ọwọ́ òsì ti ń rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ínṣì 15 tún fi ara balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó wúwo, ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi ìdánrawò yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Fún ọ̀pọ̀ oníkíbọ́ọ̀dù tí ń ṣọ́ owó ná, ínṣì 12 ni ó yẹ kí wọ́n máa wá.

Ọ̀rọ̀ wáàtì ni ó ń ṣi àwọn olùrà lọ́nà jù. Wáàtì, tí a fi ń díwọ̀n agbára iná, kò fi bí ohùn ṣe máa pariwo tó hàn ní tààrà. Bí a bá sọ 100 wáàtì di 200, decibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) 3 péré ni yóò fi kún ohùn, èyí tí etí yóò mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní yà á lẹ́nu. Kí etí tó lè sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sípíkà ṣe ń lo agbára tí a fún un ṣe pàtàkì bákan náà. Ìwé tí ó bá a wá máa ń sọ iye decibel tí ó ń gbé jáde bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró sí mítà 1 sí i. Sípíkà tí ó ní 97 níbẹ̀ yóò dún ju èyí tí ó ní 91 lọ pẹ̀lú decibel 6, ìyẹn ni pé 50 wáàtì lórí ti àkọ́kọ́ yóò ṣe ohun tí èkejì nílò 200 wáàtì láti ṣe. Ó tún yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí agbára tí áńpù lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, èyí tí a máa ń kọ RMS sí, àti agbára tí ó lè ta yọ fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, èyí tí a ń kọ peak sí. Nọ́ńbà gàgàrà tí a lẹ̀ mọ́ ojú páálí sábà máa ń jẹ́ ti èkejì yìí. Ti àkọ́kọ́ ni kí a fi ṣe ìṣirò, bí ìwé ẹ̀rọ kan kò bá sì sọ ọ́ rárá, kí a fi owó wa sápò.

Wáàtì tí ó pọ̀ tó wúlò fún ohùn tí ó mọ́ ju fún ariwo lọ. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá tẹ kíì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìró tí ń jáde ga fíofío ju bí ó ṣe rí níṣẹ́jú àáyá tí ó ṣáájú. Bí áńpù kò bá ní àyè tí ó ṣẹ́kù láti gbà á, yóò gé orí ìgbì ìró náà kúrò, ohùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Gígé yìí máa ń dá ìró òkè púpọ̀ sílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tweeter ni yóò sì jẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tweeter tí ó ti jóná nínú ilé ìjọsìn, áńpù tí agbára rẹ̀ kéré tí a sì ń tẹ̀ kọjá agbára ni ó pa á. Nínú yàrá ìdánrawò tí onílù ti ń lo ìlù òyìnbó ní kíkún, 50 wáàtì yóò máa jìjàkadì. Láti nǹkan bíi 100 wáàtì lórí ínṣì 12 lọ ni ọkàn ti ń balẹ̀. Roland KC-200 wà ní ìwọ̀n yìí, pẹ̀lú 100 wáàtì àti ínṣì 12. KC-400 ní 150 wáàtì lórí ínṣì 12, KC-600 sì ní 200 wáàtì lórí ínṣì 15. Behringer K900FX, tí ó ní 90 wáàtì àti ínṣì 12, jẹ́ èyí tí àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n máa ń wò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rò pé òde ìta yóò wá béèrè fún àpótí tí ó tóbi ju gbogbo èyí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí sì ni a ti lè dá owó púpọ̀ sí. Ní gbangba ìta, gbogbo ìgbà tí a bá sọ jíjìnnà sí sípíkà di ìlọ́po méjì ni decibel 6 ń lọ; kò sí áńpù kíbọ́ọ̀dù kan tí yóò dá gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sábẹ́ kánópì tí ó kẹ́yìn ní òpópónà. Àwọn sípíkà ńlá tí oníṣẹ́ ohùn gbé wá ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Ti áńpù ni kí oníkíbọ́ọ̀dù gbọ́ ara rẹ̀, kí onílù àti akọrin náà sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, ihò tí a ó ti fa wáyà lọ sínú mísà (ẹ̀rọ tí ń pa gbogbo ìró pọ̀) oníṣẹ́ ohùn ni ó ṣe pàtàkì jù ní ẹ̀yìn áńpù tí a bá fẹ́ gbé lọ sóde. Wọ́n máa ń kọ LINE OUT tàbí DI OUT sí i. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yíyí ohùn áńpù sókè tàbí sísàlẹ̀ ń yí ohun tí ń lọ sínú mísà padà. Bí kò bá yí i padà, oníkíbọ́ọ̀dù lè fi kún ti ara rẹ̀ lórí ìtàgé láì da iṣẹ́ oníṣẹ́ ohùn rú. Bí áńpù kò bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀, àpótí kékeré tí a ń pè ní DI box yóò pín ìró náà sí méjì, kì í sì í wọ́n.

Nípa ti wáyà, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ní ihò méjì, L/MONO (apá òsì) àti R (apá ọ̀tún). Bí áńpù bá jẹ́ ẹyọ kan, L/MONO nìkan ni kí a lò, nítorí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ yóò pa apá méjèèjì pọ̀. Àwọn ohùn dùrù kan tí a fi máíkù méjì gbà sílẹ̀ máa ń fúyẹ́ nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀ báyìí, nítorí apá kan ń pa èkejì rẹ́. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ní dùrù mìíràn tí a ṣe fún mono, ìyẹn ìró tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí ni kí a yàn. Kíbọ́ọ̀dù kéékèèké tí kò ní ju ihò ìgbọ́hùn etí lọ fẹ́ ìṣọ́ra: wáyà gìtá lásán tí a bá kì bọ̀ ọ́ yóò pa apá kan ìró náà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ wáyà, apá yẹn kò sì ní jáde. Wáyà tí ó ní ẹnu stereo (èyí tí ń gbé apá méjèèjì) kan, tí ó sì là sí méjì, ni a fi ń gbé e wọ ihò méjì lára áńpù.

Áńpù kíbọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Sípíkà tí ó ní áńpù nínú, irú èyí tí àwọn ìjọ ń gbé sórí igi ìdúró, náà jẹ́ àpótí tí a ṣe láti gbé gbogbo ìró jáde bí ó ṣe wà. Oníkíbọ́ọ̀dù tí kò ní ju ẹ̀rọ kan lọ, tí ó sì fẹ́ ohùn tí ó mọ́ jù fún iye owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sábà rí ohun tí ó ju áńpù kíbọ́ọ̀dù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbà nínú sípíkà oní-ínṣì 12 láti ilé iṣẹ́ tí a mọ̀. Ó fúyẹ́, a sì lè dá a dùbúlẹ̀ kí ó kọjú sókè sí etí ẹni. Ibi tí áńpù kíbọ́ọ̀dù ti borí rẹ̀ ni ihò: mẹ́ta sí mẹ́rin sábà máa ń wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyíhùn tirẹ̀, tí a lè fi kíbọ́ọ̀dù méjì, fóònù àti máíkù sí lẹ́ẹ̀kan náà láìra mísà. Fún ìdánrawò nínú pálọ̀ níbi tí akọrin náà kò ti ní ẹ̀rọ, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí owó wa ká ni yóò jẹ́ tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a sì gbọ́dọ̀ kà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni iye volt. Èyí tí ó wá láti ìlú Ọba kò ní ìṣòro, nítorí 230 volt ni tiwọn bíi tiwa. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt. Áńpù tí a ṣe fún ibẹ̀ nìkan yóò jóná bí a bá ti bọ̀ ọ́ níná níbí, àfi kí a fi ẹ̀rọ tí ń dín iná kù sí àárín, kí agbára ẹ̀rọ náà sì ju ohun tí áńpù ń jẹ lọ dáadáa. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí stabilizer wà láàárín pẹ̀lú. Bí áńpù bá ń kùn lẹ́yìn tí a so ó mọ́ mísà, àwọn kan a máa gé ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì kúrò kí ó lè dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, akọrin tí ó di máíkù mú ni iná náà lè gbà kọjá bí kò bá sí. Bọ́tìnnì GROUND LIFT lára DI box ni a ṣe fún kíkùn náà.

Ní ọjà, ì báà jẹ́ Aláàbà tàbí ibòmíràn, kíbọ́ọ̀dù àti wáyà tí ẹni yóò máa lò ni ó yẹ kí ó gbé lọ dán an wò. Kí a yí ohùn sílẹ̀ pátápátá ká gbọ́ bí ó ṣe ń kùn sí. Kí a yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin, nítorí èyí tí eruku ti wọ̀ yóò ha. Kí a tẹ kíì ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn béèsì ní ìwọ̀n ariwo tí a ó fi máa ṣiṣẹ́, kí a sì fetí sí bóyá ara àpótí tàbí sípíkà ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, kí a ta dùrù lókè pátápátá. Bí ó bá dún bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kejì, tweeter rẹ̀ ti kú, iye tí yóò gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde nínú owó tí a ń ná. Kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tó ìdajì wákàtí bí ọlọ́jà bá gbà, torí pé àléébù mìíràn kì í yọjú títí ara ẹ̀rọ yóò fi gbóná.

Bí a bá ti gbé e délé, kí ohùn kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí a sì fi áńpù ṣe ìyókù, nítorí kíbọ́ọ̀dù tí a yí sílẹ̀ jù ń mú kí áńpù gbé kíkùn pọ̀ mọ́ orin. Kí a gbé àpótí náà kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí ògiri méjì ti ń fi béèsì tí a kò bèèrè kún un, kí a sì gbé e sórí àga tàbí kí a dá a kọ sẹ́yìn, kí tweeter lè kọjú sí etí dípò orúnkún. Níbi tí oníbéèsì bá wà, ìró ìsàlẹ̀ ni a ń dín kù lára áńpù kíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe àárín, nítorí àárín ni dùrù ti ń gba àárín ìlù àti gìtá kọjá dé etí àwọn akọrin.