Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lára ilé àtijọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ilé lè tán nígbà tí ilé náà kò tíì gbó. Bankside ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 1981. Nígbà tó di 2000, ó ṣílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bíi Tate Modern, ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Wọn kò wó gbọ̀ngàn ràgàjì tí àwọn ẹ̀rọ iná wà. Wọ́n kó ẹ̀rọ jáde, gbọ̀ngàn náà sì gba àwọn iṣẹ́ ọnà tí kò sí yàrá lásán tó lè gbà wọ́n. Àwọn táǹkì epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ di ibi eré. Ohun tí ilé ti ní ni wọ́n fi wá iṣẹ́ tuntun fún un.

Sìmẹ́ǹtì wà lára ìdí tí irú wàhálà yìí fi dára ju kí a wó ilé lọ. Inú iná tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,450 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń sun òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é. Yàtọ̀ sí èéfín ohun tí wọ́n fi dáná, òkúta náà fúnra rẹ̀ ń tú kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, sílẹ̀ bó ṣe ń jóná. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run ló ń ti ọ̀dọ̀ sìmẹ́ǹtì wá. Kábọ́ọ̀nù ti ilé tó ti dúró ti lọ sójú ọ̀run ná. Bí a bá wó o láti kọ́ òmíràn, a tún fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ìwádìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé: àwòrán ilé bó bá ṣì wà, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Wọ́n á wá wọn yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gidi.

Bí ògiri bá ti là, ohun tí ẹnjiníà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ṣì ń là sí i. Wọ́n á lẹ awẹ́ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú ibi tó là, wọ́n á kọ déètì sára rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá lórí rẹ̀. Bí gíláàsì náà bá fọ́, ilé ṣì ń rìn. Ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò, torí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n bá fi dí ojú ibẹ̀ á tún là.

Fún kọnkéré, wọ́n á gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára òpó, wọ́n á fín oògùn tó ń jẹ́ phenolphthalein sójú ibẹ̀. Ibi tí kọnkéré ṣì ti lè dáàbò bo irin inú rẹ̀ á di píǹkì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ wọlé kò ní yí àwọ̀ padà. Bí ibi tí kò yí àwọ̀ padà bá ti jìn dé ara irin, irin á máa dógùn-ún lábẹ́lẹ̀, kódà bí ọ̀dà ara òpó ṣì ń dán.

Ògiri alámọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí omi náà gbẹ jáde. Bí bíríkìlà bá wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nítorí kó lè dà bíi tuntun, omi kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ á máa rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì náà títí á fi ya lulẹ̀. Ó dunni pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe ni èyí ti sábà ń ṣẹlẹ̀.

Wọ́n á wá ṣírò ẹrù. Nínú ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ti ń tẹ̀ lé tipẹ́, dẹ́kì ilé gbígbé ní láti lè gbé nǹkan bíi kílò 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ti ọ́fíìsì tó 250, ti gbọ̀ngàn tí èrò ti ń jó tó 500. Àtúnṣe díẹ̀ lè sọ ilé gbígbé di ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ di ibi àríyá láìfi òpó kún un ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré.

Ìwádìí kò yọ ìtàn sílẹ̀. Ní Freedom Park l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 2010 sórí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba amúnisìn kọ́, ayàwòrán ilé Theo Lawson gbé pèpéle eré sí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n. Èrò tó ń wá wòran àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ń mú owó wọlé.

Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Ìjọba ti ka Ilojo Bar ní Tinúbú l'Ékòó, ilé aláràbarà bíi ti àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil, mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016; orúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan kò tó láti dá ilé sí. Nítorí náà, yàtọ̀ sí òpó àti ògiri, ìwé ìwádìí tó bá péye á sọ ẹni tí yóò máa lo ilé, iye tí yóò máa san, àti èló nínú rẹ̀ ni wọn yóò fi máa tún òrùlé àti gọ́tà ṣe kí òjò tó dé.